Bí Ojú Bá Ń Sunkún

Bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran. Òwe yìí dùn ún fi ṣìpẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ó ṣe pa á fún ẹni tó jẹ́ pé ojú gan-an ló ń sunkún lé lórí?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àlájà, tó ń ta aṣọ ní Mushin, ti ń bá glaucoma fà á kí Kòrónà tó dé. Àrùn yìí kì í sábà ro ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfúnpá inú ojú ló máa ń ga jù, tí á máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì kọ́kọ́ máa ń mú, débi pé èèyàn á ti máa forí gbá ilẹ̀kùn kó tó fura. Èyí tó bá ti lọ kì í padà. Oògùn tí à ń kán sójú lójoojúmọ́ ló ń ṣọ́ ìyókù.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Abuja láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjọ́ tí dókítà dá fún un bọ́ sáàárín rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní kí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ kò bá le má wá. Ọjà aṣọ wà ní títì pa, owó wọ́n. Àlájà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Á gbé ìgò oògùn sétí, á mì ín, kó lè gbọ́ bó ṣe kù sí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ di ẹ̀ẹ̀kan. Lóru, á tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri, á pa á, á tún tàn án, kó lè mọ̀ bóyá òun ṣì ń ríran. Lóru ọjọ́ kan tí kò sí iná, tí kò sì rí tọ́ọ̀ṣì, ó lọgun: "Ojú mi ti lọ o!" Ìgbà yẹn la tó mọ ohun tó ń gbé sínú.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rìn kì í ṣe àìnígbàgbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òun ló ń múni gbàgbé oògùn, tàbí kéèyàn máa wò ó pé kí ló kù tóun ń tọ́jú. Ojú á burú sí i, ẹ̀rù náà á sì pọ̀ sí i. Bí oorun bá dá lójú yín, tí oúnjẹ ò wọlé, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín kò wù yín mọ́, tó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà ojú yín gan-an, kó fi yín mọ ẹni tó ń tọ́jú ọkàn. Bó bá wá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kú, ẹ má dá wà rárá. Ẹ pe èèyàn kó wá bá yín lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ so oògùn mọ́ ohun tẹ́ ẹ kì í fò. Àlájà so tiẹ̀ mọ́ ìrun Àsùbáà àti Ìṣáì. Bí oògùn bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kó tán, ẹ ti sọ síta. Ẹ má yá oògùn ojú aládùúgbò lò o, torí èyí tó bá ní steroid nínú lè mú ìfúnpá ojú ga sí i.

Ẹ̀yin ará ilé, nígbà Kòrónà, wọ́n ní ká jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ lẹni tí ojú ń ṣe fi ń ríran: ọwọ́ ló fi ń mọ owó, ejìká ẹlòmíì ló fi ń sọdá títì. Bí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ wọ ìbòmú, ẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ na ìgbọ̀nwọ́ sí i. Kí ẹ̀yin ọmọ àti àbúrò náà lọ yẹ ojú yín wò, nítorí glaucoma máa ń rìn nínú ẹbí.

Láti òru ọjọ́ yẹn, ọmọ Àlájà tó wà ní Abẹ́òkúta ń pè é láràárọ̀. Kì í bi í pé ṣé ẹ ń ríran. "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" ló máa ń sọ. Bí kò bá sì sùn, Àlájà á sọ fún un.