Ta Ló Ń Da Pàǹtí Sí Oríta Wa?

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Wolé-wolé, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan níbí ní Ìbàdàn. Oríta kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa, lẹ́bàá afárá odò kékeré kan. Ibẹ̀ ti di ààtàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òkìtì tuntun á ti gorí ti àná. A kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ yóò san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Abẹ́ àkọlé náà gan-an ni wọ́n ń dà á sí báyìí. A ní kí ọdẹ àdúgbò máa ṣọ́ ọ, ó ní olè ni wọ́n gba òun fún, kì í ṣe pàǹtí. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn àgbà kan ní ká pààlè síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní tọ́wọ́ bá tẹ ẹnikẹ́ni, àwọn á nà án, àwọn á sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Ẹ̀rù ń bà mí. Òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Akọ̀wé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú làákàyè pé ẹ̀rù yẹn bà yín. Ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀dọ́ yẹn kí wọ́n sinmi. Ẹni tọ́wọ́ wọn máa kọ́kọ́ tẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ ní ìdájí. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ń bẹ nínú ilé, ó ń gbọ́ igbe. Tí ẹ bá wá gbé fọ́tò ọmọ náà síta, kí lẹ fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ tó bá kó àwọn ará ilé rẹ̀ wá?

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìyẹn ni pé ta ló ń dà á. Ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà yín, mo sì fura pé ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Òkìtì yẹn fúnra rẹ̀ á sọ fún yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, kí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta mú igi lọ́wọ́, kí ẹ lọ tú u wò ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹran àti ajá tó tú u ká. Bí ẹ bá rí èèpo iṣu, eérú àti ìtẹ́dìí ọmọdé nínú ọ̀rá kéékèèké, ará ilé tó wà nítòsí ni. Bí ó bá jẹ́ háhá àgbàdo àti ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín, ẹ wo àwọn ìyá tó ń tajà lálẹ́. Àjákù aṣọ ń tọ́ka sí télọ̀, irun àtọwọ́dá sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, bulọ́ọ̀kù fífọ́ sí ẹni tó ń tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí àpò ìrẹsì ńláńlá mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí okùn kan náà so gbogbo wọn lẹ́nu, ìyẹn kì í ṣe ti ilé kankan. Iṣẹ́ ọlọ́mọlanke nìyẹn.

Lórí ọlọ́mọlanke yìí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí òun ló sábà máa ń wà nídìí irú ààtàn báyìí. Ìyàwó ilé á fún un ní owó díẹ̀, á gbé àpò méjì fún un, á sì padà sínú ilé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ibo ló rò pé ọkùnrin náà ń kó o lọ? Awọ̀tán, Lápìtẹ́, Àjàkàǹga àti Abà-Èkù ni àwọn ààtàn ìjọba ní Ìbàdàn, ẹ̀yìn ìlú ni gbogbo wọn wà. Kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù dé ibẹ̀ nítorí owó táṣẹ́rẹ́. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí odò ni yóò dà á sí, odò yín sì nìyẹn. Ẹ̀yin onílé kan wà tí ẹ ń sanwó fún un kó máa bá yín ba oríta yín jẹ́.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ tó mẹ́nu ba àjèjì kankan, ẹ ní kí olúkúlùkù nawọ́ sókè: ilé ta ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí tó jẹ́ pé alága gan-an ni kò gbé ọwọ́ sókè. Nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó kọjú síra wọn, onílé á ní ayálégbé ló yẹ kó san, ayálégbé á ní owó ilé ti kó o pọ̀. Níbi tí wọ́n sì ti sanwó, ọkọ̀ lè dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ sọ́jà. Ọ̀rá á wà nínú yàrá títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Obìnrin tó gbé e jáde ní aago márùn-ún ìdájí kì í ṣe ìkà, ó sú u ni. Ẹ gba àwọn ayálégbé níyànjú kí wọ́n san owó ọkọ̀ náà pọ̀ mọ́ owó ilé, kí onílé máa san án fún gbogbo ilé lápapọ̀. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àsìkò tí yóò máa dé, kí ẹ sì wá ilé kan tó máa ń lẹ́nìyàn lọ́sàn-án tí wọ́n lè gbé ọ̀rá sí lọ́jọ́ náà. Ẹ pe ọlọ́mọlanke náà wá pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ láti ilé dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró ni ẹ ní kó máa kó o, tí ẹ sì sanwó rẹ̀, yóò ṣe é, nítorí ọ̀nà rẹ̀ kúrú.

Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń sọ fún mi pé ìgbà tí ìmọ́tótó oṣooṣù dópin ni nǹkan ti bàjẹ́. Lóòótọ́, láti ìgbà ìjọba ológun ọdún 1984 sí 1985 la ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sọ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sé ènìyàn mọ́lé nítorí rẹ̀, nígbà tó sì di òpin ọdún 2016, ìjọba Èkó fòpin sí i. Èmi ò sunkún rẹ̀ púpọ̀. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń wa ẹrẹ̀ gọ́tà jáde, tí wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, tí òjò ọjọ́ kejì á sì gbá a padà sínú. Wákàtí mẹ́ta lóṣù kò lè borí ọ̀rá kan ní ìdájí ojoojúmọ́.

Ti ààlè ńkọ́? Mi ò bú àṣà wa o. Ẹni tó ní igi ìdáná tàbí oko ló ń pààlè, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó lólúwa. Ta ló ni oríta yín? Yàtọ̀ sí èyí, ẹbọ ti mọ́ oríta lára. Bóyá àwọn tó ń da pàǹtí á kàn rò pé ẹnìkan rú tirẹ̀ ni, wọ́n á sì da tiwọn tì í. Ìtàn kan wà tó bá èyí mu láti ìlú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2009, ọkùnrin kan tí ìdọ̀tí orígun òpópónà rẹ̀ ti sú lọ ra ère Buddha kékeré kan, ó sì fi í lélẹ̀ níbẹ̀. Òun gan-an kì í ṣe ẹlẹ́sìn Buddha. Kò pẹ́ tí àwọn ará Vietnam àdúgbò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní àárọ̀, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń tan tùràrí, wọ́n sì kọ́ ilé kékeré fún un. Dída ìdọ̀tí síbẹ̀ dín kù gidigidi. Lójú tèmi, ìgbálẹ̀ àti ènìyàn tó ń jókòó síbẹ̀ ló ṣe é, ju ère lọ.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá kó òkìtì náà, ẹ kó o tán pátápátá, kí ẹ má ṣẹ́ ku ìdajì. Àwọn onímọ̀ kan dán irú nǹkan báyìí wò ní ìlú Groningen ní Nẹ́dálándì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Wọ́n so ìwé ìpolówó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí àwọn ènìyàn gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Nígbà tí ògiri náà mọ́, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló ju ìwé náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sára rẹ̀, ó di mọ́kàndínláàádọ́rin. Àwọn ará ibẹ̀ kan náà ni o. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni kí ẹ ti fi ènìyàn síbẹ̀: oníbọ̀ọ̀lì, ẹni tó ń lẹ táyà, tábìlì ayò àwọn àgbà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni yóò máa gbá àyíká rẹ̀, ẹ má sì gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè gbin òdòdó, ṣùgbọ́n ẹ má gbin ẹ̀fọ́ jíjẹ sí ilẹ̀ tí bátìrì àti kẹ́míkà ti ń jò sí.

Ẹ ò lè fi ṣọ́bìrì kó òkìtì ọdún púpọ̀, ẹ má sì dáná sun ún. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ka kíkó pàǹtí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ fi fọ́tò odò náà sí i, kí káńsílọ̀ yín bá yín gbé e wọlé, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lù lóǹtẹ̀. Ẹ béèrè katakata àti ọkọ̀ típà kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Kò sí ará Ìbàdàn tó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé omíyalé odò Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980 fún, tàbí omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011.

Ó ku àkọlé ara ògiri. Ẹgbẹ́ onílé kò ní agbára láti bu owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni, ilé ẹjọ́ ló ni í. Ẹni tó bá mọ òfin á kàn fi yín rẹ́rìn-ín ni. Ẹ fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí ń wá síbẹ̀, ilé tí wọ́n lè gbé ọ̀rá sí, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè tí ọkọ̀ kò bá dé.