Ìtò Àwọn Ìwé Májẹ̀mú Láéláé

Bí ọmọdé kan ní kíláàsì bá bi wá léèrè pé ìwé wo ni ó parí Bíbélì àwọn Júù, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé Málákì ni. Ìdáhùn náà kò tọ́, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò kọ́ni ní Ìwé Mímọ́ mọ ìdí rẹ̀.

Nínú Bíbélì Yorùbá wa, ìwé Májẹ̀mú Láéláé jẹ́ 39. Àwọn Júù ka àwọn ìwé kan náà sí 24. Nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni Sámúẹ́lì lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan ni Àwọn Ọba, ọ̀kan ni Kíróníkà, ọ̀kan ni Ẹ́sírà pẹ̀lú Nehemáyà, ọ̀kan sì ni àwọn wòlíì kékeré méjèèjìlá. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí: Òfin, Àwọn Wòlíì, àti Àwọn Ìwé Yòókù. Apá kẹta yìí ni Dáníẹ́lì wà, kì í ṣe láàrin àwọn Wòlíì.

Nínú Bíbélì tí àwọn Júù ń tẹ̀ lónìí, Kíróníkà ni ó kẹ́yìn. Àṣẹ Kírúsì ọba Páṣíà ni ó parí rẹ̀, pé kí àwọn ènìyàn Olúwa gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ẹni tí ó bá kà á tán dúró lójú ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n Málákì, tí ó ṣèlérí wíwá Èlíjà, ni ó parí tiwa. Bí a bá sì tún ṣí ìwé síwájú, a ó bá Jòhánù Onítẹ̀bọmi pàdé nínú Mátíù. Ìtò tiwa ń nawọ́ sí Kristi. Ìtò tiwọn ń pe ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn padà wálé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún kejì, Melito, bíṣọ́ọ̀bù Sádísì, rìnrìn àjò lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí ó lè mọ iye àti ìtò àwọn ìwé wọ̀nyí dájú.

Kí ni èyí kàn olùkọ́? Bí a bá kọ́ ọmọ pé ìwé tí kò parí ni Júù ń kà, a kọ́ ọ láti gàn wọ́n. Irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ sì ti ṣe ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1965, ìwé Nostra Aetate ti Ìjọ Àgùdà kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi àwọn Júù hàn bí ẹni tí Ọlọ́run ti kọ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń kọ́ni ní orí keje ìwé Aísáyà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí wòlíì náà wí fún Áhásì ọba, ẹni tí ọba Síríà àti ọba Ísírẹ́lì gbógun tì. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá fi hàn bí Mátíù ti kà á sí ti Kristi. Ìgbàgbọ́ wa kì yóò ti ipa bẹ́ẹ̀ dínkù. Àwọn Júù ni ó pa ìwé wọ̀nyí mọ́ ní èdè Hébérù. Lọ́wọ́ wọn ni a ti gbà á, kò sì yẹ kí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn gàn ẹni tí ó pa á mọ́.