Ẹ Bẹ́ Orí Mọ̀ríńgà, Kí Ewé Rẹ̀ Lè Dára

Ọ̀rọ̀ igi mọ̀ríńgà ni a fẹ́ kà lónìí. Apá àríwá ilẹ̀ Íńdíà ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá. Zogale ni àwọn Haúsá ń pè é. À ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀, à ń lọ gbígbẹ rẹ̀ sínú ẹ̀kọ ọmọ. Ó dára fún ẹ̀jẹ̀, ó sì dára fún ojú àwọn ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo igi tí a gbìn, tí a kò fi àdá kàn. Kí ọdún tó yípo, ó ti ga ju orí ènìyàn lọ fíìfíì. Ewé rírọ̀ wà lókè, ọwọ́ kò tó o. Èyí tí ọwọ́ tó ti gbó: ó yi lẹ́nu, ó sì korò díẹ̀. Ni ìyá bá ní kí ọmọ gun igi. Ẹ má ṣe é o! Ẹ̀ka mọ̀ríńgà kò lágbára, kíá ló ń dá. Ewé ọbẹ̀ kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ fi ọmọ wewu.

Kí ló fà á? Ṣóńṣó orí igi kì í jẹ́ kí àwọn ojú tí ó wà nísàlẹ̀ rú. Bí a bá bẹ́ orí náà, ojú ìsàlẹ̀ yóò là, ẹ̀ka púpọ̀ yóò yọ, ọ̀mùnú yóò sì kún ara wọn. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lára ewúro ẹ̀yìnkùlé.

Bí a ti ń ṣe é nìyí:

1. Bí igi bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ já ṣóńṣó orí rẹ̀.

2. Bí àwọn ẹ̀ka tí ó yọ bá gùn tó íǹṣì 8, ẹ já orí tiwọn náà.

3. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa gé ẹ̀ka fún ewé ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ má jẹ́ kí igi ga ju ìbàdí lọ lẹ́yìn gígé.

4. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò. Ẹ gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, lókè ojú kan, kí omi òjò má baà dúró sí ibẹ̀ kí igi sì rà.

Ohun gbogbo ní ìwọ̀n. Ewé ni igi fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ nínú oòrùn. Ẹni tí ó ń gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ń ná owó tí igi fi pamọ́ sínú gbòǹgbò. Igi náà yóò rù, ewé rẹ̀ yóò kéré, ó sì lè kú. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gé e, ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà sí ìdí rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan fi dípò èyí tí ẹ mú lọ.

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ̀ríńgà.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ewé igi tí a kò bẹ́ lórí fi ń yi lẹ́nu?

2. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni a ń dúró kí a tó tún gé e nígbà òjò? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?

3. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí igi tí a ń gé ní àgéjù?