Bí àìsàn bá dé bá ọmọ, tí owó kò sí nílé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọmọ tó ní kòkòrò HIV àti ọmọ tí kò ní, ibà kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ilẹ̀kùn ọsibítù kan náà ni ìyá wọn ń kàn lóru. Ìdí nìyẹn tí a fi kó àwọn ìbéèrè wọ̀nyí jọ.

ÌBÉÈRÈ 1: Ọsibítù aládàáni ló sún mọ́ wa jù ní Mushin. Bí gìrì bá mú ọmọ mi lóru tí mi ò lówó lọ́wọ́, ṣé wọ́n lè ní kí n máa gbé e lọ?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Apá 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ọsibítù kò gbọdọ̀ kọ̀ láti ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá rú òfin náà lè san owó ìtanràn ₦100,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n tó oṣù mẹ́fà. Gìrì, àìlèmí dáadáa, dídákú, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, pàjáwìrì ni gbogbo wọn. Àmọ́ ẹ má gbàgbé, òfin náà kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ìtọ́jú ló kọ́kọ́ wá, owó á tẹ̀lé e.

ÌBÉÈRÈ 2: Telọ ni mí ní Yaba, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Báwo ni mo ṣe máa rí owó ọsibítù aládàáni san?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dúró di ọjọ́ àìsàn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò adójútòfò kan tó ń jẹ́ Ìlera Èkó. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣe òfin rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ₦40,000 lọ́dún ni fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bí ẹ bá pín in sí oṣù méjìlá, kò tó ₦3,500 lóṣù. Iye owó máa ń yí padà, nítorí náà ẹ bèèrè ti ìsinsìnyí lọ́wọ́ LASHMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o.

Ó dà bí èsúsú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń kó o. Ọsibítù ìjọba wà nínú rẹ̀, ti aládàáni náà wà níbẹ̀. Ẹ mú èyí tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì bèèrè àwọn ìtọ́jú tí ètò náà kò san.

ÌBÉÈRÈ 3: Ọmọ mi ní HIV. Ṣé ọsibítù aládàáni lè tìtorí ẹ̀ lé wa?

ÌDÁHÙN: Kò tọ́, òfin ọdún 2014 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní HIV kò fàyè gbà á. Oògùn HIV fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbà á ní LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ní NIMR ní Yaba, kí ẹ sì máa lọ tọ́jú ibà àti ikọ́ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Ẹ sọ oògùn tí ọmọ ń lò fún dókítà yẹn, torí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti HIV míì kì í bára wọn ṣe.

ÌBÉÈRÈ 4: Ọmọ tuntun mi sanra, ara ẹ̀ le. Kí ni àyẹ̀wò wà fún, bí èmi ìyá bá tiẹ̀ ní HIV?

ÌDÁHÙN: Ojú lásán kì í rí HIV. Nínú ọmọ mẹ́ta tó ní in láti inú oyún tàbí nígbà ìbí, tí a kò tọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan tó máa ń kú kó tó pé ọdún kan. Ẹ gbé ọmọ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀ sórí bébà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Bí ọsibítù bá ṣe àyẹ̀wò kíákíá ti àgbàlagbà, tó fi HIV hàn, ẹ má tíì sunkún. Sójà ara ìyá lè wà lára ọmọ títí di oṣù 18. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ti ọmọ tuntun.

ÌBÉÈRÈ 5: Ọmọ ọdún 17 ni mí. Màmá mi wà lọ́jà Tẹ̀júoṣó, àbúrò mi sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Kí ni mo lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Po omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó dọ́gba àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí o máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Pe màmá ẹ. Bí ojú ẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan mọ́, má lọ sí ilé ẹlẹ́gbòogi. Ọsibítù ni kí o gbé e lọ, kí o mú káàdì àjẹsára àti nọ́ńbà adójútòfò rẹ̀ dání. Lónìí, bèèrè ibi tí màmá ń kó wọn sí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìlera lọrọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yìí tán, kó fún aládùúgbò rẹ̀.