Igbó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Ṣán ní Lekki

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Èkó tí ó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ó tó dé Victoria Garden City, yóò kan igbó kan tí ilé ti yí ká. Igbó náà tó héktà 78, èyí tí ó ju éékà 190 lọ. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ni ó ń tọ́jú rẹ̀, láti ọdún 1990 ni ibẹ̀ sì ti jẹ́ ibi ìpamọ́ igi àti ẹranko. Ènìyàn lè bèèrè pé: kí ni èrè ilẹ̀ tí a kò gbin iṣu sí, tí a kò sì kọ́ ilé sí? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Igi ògùrọ̀ pọ̀ ní àbàtà ibẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti adẹ́mu mọ igi yìí jù wá lọ: a ń dá ẹmu lára rẹ̀, òun ni ó sì ń fún wa ní ìko. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so ní ayé rẹ̀. Bí èso náà bá gbó tán, igi náà kú nìyẹn. Nítorí náà, èyí tí a bá dá ẹmu rẹ̀ tán kí ó tó so kò fi irúgbìn kankan sílẹ̀.

Ẹranko tí àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ rí ni ọ̀bọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mona. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun, àmì funfun méjì sì wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún ìrù, ọ̀kan ní òsì. Ó ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Èso tí ó bá já ni ó ń kó síbẹ̀, tí yóò sì gbé e lọ jẹ ní ibi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń tu kóró sí, ní ọ̀nà jíjìn sí ìdí igi tí ó so ó. Àgbẹ̀ tí kì í gba owó ni. Ọ̀nì wà nínú omi. Awọ́nríwọ́n, ẹtu, ìgalà àti òkété wà lórí ilẹ̀. Ọ̀kín tí ń yan káàkiri ibẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ wa, Íńdíà ni ilé baba rẹ̀. Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣí afárá kan tí a so sí òkè láàrin àwọn igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Kí ẹni tí òòyì ń kọ́ dúró sí ìsàlẹ̀.

Wàyí o, ìdáhùn wa. Ilẹ̀ Lekki kò ga. Ọ̀sà wà ní ìhà kan, òkun wà ní ìhà kejì. Ní ìgbà òjò, àbàtà a máa fa omi mu bí kànìnkànìn, a sì máa jẹ́ kí ó rọra wọ ilẹ̀. Ibi tí a bá da iyanrìn dí, omi kò ní ibi tí yóò gbà mọ́, ojúlé àwọn ènìyàn ni ó ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ àbàtà tí ó wà títí dé Ajah ni a ti dí báyìí, nítorí náà ọ̀bọ tí ó bá jáde kúrò nínú igbó yìí kò rí igbó mìíràn sá sí, àfi àgbàlá ilé. Ẹni tí ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i rò pé àánú ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ tí ó bá ti mọ ọwọ́ ènìyàn kì í pẹ́ wọ ilé ìdáná, ibẹ̀ ni òkò àti ajá sì ti ń bá a. Ẹ má ṣe fún un ní nǹkankan, kí ẹ sì máa ti fèrèsé ilé ìdáná yín.