Gbàǹjo àti Ọkàn Ẹni Tó Ń Ra Ọjà

Ọ̀nà méjì ni a fi ń mọ iye tí a ó san lórí ọjà láàárín wa. Èkínní ni ìdúnàádúrà tí gbogbo wa mọ̀. Òǹtajà a ní iṣu òun 10,000 náírà ni, òǹrajà a ní 5,000 ni òun yóò san, wọn a sì jọ máa fà á títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, òǹrajà a máa bu ọjà kù: iṣu náà kéré, epo náà kò pọ́n tó. Ìwé Òwe, orí 20, ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, àti bí òǹrajà náà ṣe máa ń yangàn nígbà tó bá ti kúrò níbẹ̀. Èkejì ni gbàǹjo. Níbẹ̀, òǹtajà a yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn òǹrajà a sì dojú kọ ara wọn. Owó kì í wálẹ̀ mọ́, òkè ni ó ń lọ. Kò sì sí ẹni tí yóò bu ọjà kù, nítorí ojú gbogbo ènìyàn ti kúrò lára ọjà, ó ti wà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sókè.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí. Àwọn kan nínú yín ti ń ra mọ́tò, ilé tàbí ilẹ̀ tí ilé ìfowópamọ́ tàbí ìjọba lù ní gbàǹjo. Àwọn tí kò tíì ra irú rẹ̀ rí sì ń bá gbàǹjo pàdé nígbà ìkórè, ní Ìlá Ọ̀ràngún níhìn-ín àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà.

Ní ọdún 1983, Max Bazerman àti William Samuelson kọ ìròyìn ìdánwò kan tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò ní Yunifásítì Boston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ìgò kalẹ̀ tí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó dọ́là 8, wọn kò sọ iye náà, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù kọ iye tó rò pé ó jẹ́ àti iye tí òun yóò san. Ní ìpíndọ́gba, dọ́là 5.13 ni wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, dọ́là 10.01 ni àwọn tó borí san, ní ìpíndọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Orí ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ìdí rẹ̀ ni pé gbàǹjo kì í yan ẹni tó mọ iye ọjà jù lọ, ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ga jù lọ ni ó ń yàn. Bí ènìyàn ogún bá wo ilé àtijọ́ kan, tí mọ́kàndínlógún sì fi í sílẹ̀ ní iye kan, ó yẹ kí ẹni tó kù bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn yòókù rí tí òun kò rí.

Bí ariwo bá wá dé, ọ̀rọ̀ a le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky ṣàlàyé pé ìrora pípàdánù nǹkan wúwo lọ́kàn ènìyàn ju ayọ̀ rírí irú rẹ̀ gbà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lókè fún ìṣẹ́jú kan ti gbé mọ́tò náà délé nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn bá fi 50,000 náírà kún un, kò rí i mọ́ bí ọjà tí òun kò tíì rà, ó rí i bí ohun ìní tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo owó ńlá ni àṣejù. Ní oṣù Kínní ọdún 2001, àjọ NCC lu ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká ní gbàǹjo ní Àbújá. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí ní ọjọ́ kẹta, ó ti di mílíọ̀nù 285 dọ́là lórí ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. MTN, Econet àti CIL ni wọ́n borí. Ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà kò tó mílíọ̀nù kan, nítorí náà ó rọrùn láti pe owó yẹn ní ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n MTN àti Econet san owó wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún náà gan-an. Gbogbo wa ni a sì mọ bí òwò náà ti gbòòrò tó. CIL kò san tirẹ̀ títí gbèdéke fi kọjá. Ó pàdánù ìwé àṣẹ, ó sì pàdánù mílíọ̀nù 20 dọ́là tó ti fi sílẹ̀ ṣáájú.

Níbi ìkórè, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó san 50,000 náírà lórí àgbébọ̀ adìyẹ kan kò ṣi iye adìyẹ mọ̀. Ọpẹ́ ni ó ń dá, iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó sì fi owó náà ṣe. Ohun tó yẹ kí á ṣọ́ra fún ni ọgbọ́n ẹni tó ń lu gbàǹjo. Ó mọ oríkì ìdílé olúkúlùkù. Ó mọ ẹgbẹ́ tó ń bá ẹgbẹ́ díje. Bó bá ti ki ènìyàn, orí onítọ̀hún a wú, a sì dárúkọ iye tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Inú ìjọ a dùn, wọn a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn tó jẹ gbèsè, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ti tó san, òun fúnra rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ìsìn. Oníwàásù, orí 5, sọ̀rọ̀ gbangba nípa ẹ̀jẹ́ tí a kò san. Ní èrò tèmi, kò tọ́ kí ẹni tó ń lu gbàǹjo máa pe orúkọ ẹni tí kò tíì na ọwọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà. William Vickrey, tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1996, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1961: kí olúkúlùkù kọ iye tirẹ̀ sínú ìwé tí a pa dé, kí ẹni tó kọ èyí tó ga jù lọ gbé ọjà, ṣùgbọ́n iye tí ẹni kejì kọ ni kí ó san. Kò sí èrè nínú kíkọ iye tó ju ohun tó wà lọ́kàn ẹni, kò sì sí èrè nínú dídín in kù. Ìjọ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lè dán an wò lórí ọjà méjì tàbí mẹ́ta: bébà, pẹ́ńsù, àti àpótí kan tí a tì. Kí olúkúlùkù kọ iye tirẹ̀ nílé, lójú ẹni tí wọ́n jọ ń náwó, kí wọ́n tó jáde lọ sí ìsìn.