Ẹ Má Fi Ìsàlẹ̀ Ilé Tó Ti Rì Ṣe Yàrá Ènìyàn

Ẹ̀yin onílé Ìsọlọ̀, Máfolúkù, Ṣógúnlé, Okota àti Agọ, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Kí ẹ̀yin ayálégbé náà dẹtí. Yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ojú títì lọ kì í ṣe ibi tí ọmọ ènìyàn ń sùn. Ẹ má tún un ṣe láti fi gba owó ilé. Ẹ má kó ọmọ wọ inú rẹ̀. Ikú ló wà níbẹ̀.

Àwa ará Èkó kì í sábà gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilé, nítorí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ wa. Àwọn ilé tó di abẹ́ ilẹ̀ fúnra wọn ló kún àdúgbò. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún títì ṣe, wọ́n á da yanrìn, òkúta àti ọ̀dà lé ti àtijọ́. Títì á ga sí i, ilé kò sì lè gbéra. Bó bá yá, àtẹ̀gùn lèèyàn á máa sọ̀ kó tó wọ pálọ̀, fèrèsé á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gọ́tà dọ́gba. Onílé kò ní ti yàrá náà pa. Á lẹ táìlì, á kùn ún ní funfun, á pe é ní "self-contain", ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ti òkè á sì gbà á.

Omi ni ewu àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ló wà létí kánáà Òkè-Àfà àti àwọn gọ́tà ńlá tó wà káàkiri. Bí òjò bá pọ̀ tí ìdọ̀tí sì ti dí gọ́tà, ibi tó rẹlẹ̀ jù ni omi ń wá. Ẹni tó wà ní Èkó lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, mọ ohun tí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo lè ṣe: omi wọlé, ó wó ògiri, ó sì gba ẹ̀mí. Ẹ má rò pé ìlú tiwa nìkan ni. Ní New York, lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òjò ìjì Ida pa ènìyàn 11 sínú yàrá abẹ́ ilé. Ní Seoul, olú-ìlú Kòríà Gúúsù, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, omi ká ará ilé kan mọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta kú, ọmọdé wà lára wọn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pani. Bí omi bá ga tó ìdajì mítà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà, agbára tó fi ń ti ilẹ̀kùn náà tó ìwúwo bíi 100 kílò. Ìyá ọlọ́mọ kò lè ṣí i. Irin tí a fi sójú fèrèsé nítorí olè á dí ọ̀nà kejì. Iná mànàmáná sì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tí omi máa kọ́kọ́ bò.

Ewu kejì wà lára ògiri. Kí yàrá lè ga, àwọn kan ń ní kí bíríkìlà gbẹ́ ilẹ̀ inú ilé wálẹ̀. Kó lè fẹ̀, wọ́n ń wó ògiri àárín, wọ́n ń gé òpó. Ògiri ìsàlẹ̀ ló gbé àjà òkè àti gbogbo ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ló di ìpìlẹ̀ mú. Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ kúrò, tí omi sì wọ ibẹ̀, ìpìlẹ̀ á yẹ̀. Ẹ rántí Ìta Fáàjì ní Èkó níbí, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019: ilé ìgbé tí ilé ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀ wó mọ́ àwọn ọmọ lórí, ènìyàn 20 sì kú. Ilé kì í gba gbogbo ẹrù tí a bá dì rù ú.

Ewu kẹta kì í pariwo. Yàrá tó rì kì í rí atẹ́gùn tó. Bí ayálégbé bá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà tàbí sábẹ́ àtẹ̀gùn nítorí òjò, carbon monoxide inú èéfín rẹ̀, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, á wọlé lọ bá àwọn ará yàrá náà, á sì pa wọ́n lójú oorun.

Onílé, kó ènìyàn kúrò níbẹ̀. Pe ẹnjiníà tó níwèé ẹ̀rí. Má fi ọ̀rọ̀ náà lé bíríkìlà nìkan lọ́wọ́. Kí o tó yí ohunkóhun padà lára ilé, gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, jẹ́ kí LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́, wá wo iṣẹ́ náà, kí ilé ìdánwò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba Èkó sì yẹ òpó àti ògiri wò. Bí wọ́n bá ní kí o dí yàrá náà pa, dí i.

Ayálégbé, kí o tó sanwó, dúró lójú títì kí o wo ibi tí ilẹ̀ yàrá náà wà. Wá àmì omi lára ògiri. Bi àwọn aládùúgbò léèrè bí ibẹ̀ ṣe ń rí nínú oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Bí o bá ti ń gbé ibẹ̀, má ti ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí ọwọ́ rẹ. Bí omi bá ń wọlé, ọmọ ni kí o gbé jáde, má dúró kó ẹrù.

Mo mọ̀ pé owó ilé ló ń bọ́ àwọn onílé kan, mo sì mọ̀ pé ilé ṣòro í rí fún ayálégbé. Síbẹ̀, kò sí owó ilé tó lè ra ọmọ kan padà. Ẹni eji bá rí leji ń pa. Ẹ ti yàrá yẹn pa kí òjò tó dé.